Kabúrétọ̀ Mini Cooper: Ìtàn Ẹ̀rọ Tí A Ń Fi Etí Tò

Lára jẹnẹrétọ̀ ni púpọ̀ nínú yín ti mọ kabúrétọ̀. Iná lọ, wọ́n fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí, kò dáhùn. Ẹnìkan ní kí wọ́n fọ kabúrétọ̀ rẹ̀. Wọ́n tú irin kékeré náà sílẹ̀, wọ́n fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n fi ẹnu fẹ́ àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀, iná sì tàn. Ìmọ̀ ọ̀pọ̀ wa nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn gígùn ni irin kékeré yìí ní, ọkọ̀ kan ni mo sì fẹ́ fi sọ ọ́: Mini Cooper ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tí kò ju àpótí aṣọ lọ lójú, tí ó sì fi ojú àwọn ọkọ̀ ńláńlá gbolẹ̀ láàárín ọdún 1964 sí 1967.

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ti ba ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì jẹ́, tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ sáré, kí a gbé kabúrétọ̀ tí ó tóbi lé e, kí ó lè mu epo sí i. Ìtàn Mini Cooper kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìdí rẹ̀ wá. Epo bẹntiróòlù tí ó wà ní olómi kì í jó bí ó ti yẹ nínú ẹ́ńjìnnì. Oru rẹ̀ tí ó ti dàpọ̀ mọ́ atẹ́gùn ni ó ń jó. Bí a bá gbé àwọn méjèèjì lé òṣùwọ̀n, ìwọ̀n epo kan ń fẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n atẹ́gùn 14.7 kí wọ́n tó lè jó tán láìṣẹ́kù. Bí agbára ni a ń wá, a ó fi epo kún un díẹ̀, kí atẹ́gùn wá jẹ́ bíi 12.5 sí 13 sí epo kan. Ọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò ẹ̀kọ ni n óò máa lò fún èyí: àdàlù tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ ki, èyí tí atẹ́gùn pọ̀ nínú rẹ̀ ṣàn. Èyí tí ó ki jù a máa tú èéfín dúdú, a máa fọ òróró kúrò lára ògiri sìlíńdà, irin a sì máa jẹ irin. Èyí tí ó ṣàn jù ni ó burú jùlọ, nítorí pé ooru rẹ̀ lè lu orí písítìnì jálẹ̀ bí ẹni fi iná lu ọ̀rá. Láàárín kíki àti ṣíṣàn yìí ni gbogbo iṣẹ́ kabúrétọ̀ wà.

Nínú ọkọ̀ tí Karl Benz gba ìwé-ẹ̀tọ́ lé lórí ní Jámánì ní ọdún 1886, atẹ́gùn kàn ń gba ojú epo kọjá ni, ó ń kó oru rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1893 ni Wilhelm Maybach ní Jámánì, àti Donát Bánki pẹ̀lú János Csonka ní Hungary, gbé irú kabúrétọ̀ tí ń tú epo jáde bí ìrì láti ẹnu ihò tín-ínrín kan kalẹ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n gùn lé ti pẹ́ jù wọ́n lọ: Giovanni Battista Venturi, ará Ítálì, ti kọ̀wé ní ọdún 1797 nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ohun tí ń ṣàn bá dé ọ̀nà tóóró. Atẹ́gùn tí ó bá dé ọ̀nà tóóró a yára, agbára tí ó fi ń ti ògiri ọ̀nà náà a sì dínkù. Bí ihò epo bá wà níbẹ̀, a fa epo jáde. Ìgò lọ́fíńdà tí ẹ ń tẹ̀ sára ń ṣe nǹkan tí ó jọ ọ́.

Ìṣòro kan wà tí ó kù. Ẹ́ńjìnnì kì í mí bákan náà ní gbogbo ìgbà. Ọ̀nà atẹ́gùn tí ó bá a mu nígbà tí ó ń rọra mí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò há fún un nígbà tí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Èyí tí ó bá sì fẹ̀ tó fún eré sísá, atẹ́gùn kò ní yára tó nínú rẹ̀ nígbà ìrọra, epo kò sì ní jáde dáadáa. Ẹni tí ó wá ojútùú tí mo fẹ́ràn jùlọ sí èyí ni George Herbert Skinner, ọmọ ìdílé tí ń ta bàtà ní London. Ní nǹkan bí ọdún 1905, ó ronú pé kí ọ̀nà atẹ́gùn fúnra rẹ̀ máa fẹ̀, kí ó sì máa súnkì, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fẹ́. Ẹwìrì aláwọ ni ó kọ́kọ́ lò láti fi ṣe é, irú ẹwìrì tí a mọ̀ mọ́ alágbẹ̀dẹ ṣùgbọ́n tí ó kéré. Kò yà mí lẹ́nu pé ọmọ oníbàtà ni ó ronú kan awọ. Òun àti àbúrò rẹ̀, T. C. Skinner, dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1910, wọ́n sì pè é ní SU, èyí tí í ṣe ìgékúrú fún Skinner Union. Nígbà tí ó yá, písítìnì onírin gba ipò ẹwìrì, W. R. Morris tí ń ṣe ọkọ̀ ní Oxford sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 1926.

Báyìí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Písítìnì kan wà nínú ilé bí agogo lórí kabúrétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa atẹ́gùn púpọ̀, písítìnì a gòkè, ọ̀nà a fẹ̀. Bí ó bá fa díẹ̀, písítìnì a sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà a há. Abẹ́rẹ́ kan wà ní ìdí písítìnì yìí, tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì wọ inú jẹ́ẹ̀tì tí epo ń gbà jáde. Bí písítìnì bá ṣe ń gòkè ni abẹ́rẹ́ ń yọ kúrò nínú jẹ́ẹ̀tì, ibi tín-ínrín rẹ̀ a wá kan ẹnu jẹ́ẹ̀tì, àyè epo a sì pọ̀ sí i. Atẹ́gùn ni ó ń ṣíwájú, epo ń tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí ìyókù ọ̀rọ̀ mi yé yín.

Kí n tó kúrò lórí SU, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Merlin tí ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú ogun Spitfire àti Hurricane ní ọdún 1940, kabúrétọ̀ SU ni ó ń lò. Bí awakọ̀ bá dojú ọkọ̀ dé lójijì láti lé ọ̀tá, epo inú kabúrétọ̀ a fò sókè, ẹ́ńjìnnì a sì kọ́kọ́ dákẹ́. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn ń lo ẹ̀rọ tí ń fún epo tààrà, nítorí náà wọ́n a bọ́ lọ. Obìnrin ẹlẹ́rọ kan ní Farnborough, Beatrice Shilling, tí òun fúnra rẹ̀ ti fi alùpùpù sáré ìje ní Brooklands, ni ó wá ojútùú sí i ní ọdún 1941. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni, oníhò kan láàárín, tí wọ́n fi sí ojú ọ̀nà epo kí èyí tí ń wọlé má bàa pọ̀ jù. Ìwọ̀n ihò kan ṣoṣo ni ó ṣe gbogbo ìyẹn!

Mini fúnra rẹ̀ kò wá sáyé láti sáré. Rògbòdìyàn Suez ọdún 1956 ni ó mú kí epo wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ BMC sì ní kí Alec Issigonis, ẹni tí a bí ní Smyrna ní ọdún 1906, ṣe ọkọ̀ kékeré tí kò ní máa mu epo. Ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1959. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 848cc, agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 34, kabúrétọ̀ SU kan ṣoṣo ni ó sì gbé. Issigonis dá ẹ́ńjìnnì náà dùbúlẹ̀ ní ìbú kí àyè lè wà fún ènìyàn mẹ́rin. Nínú àwọn ọkọ̀ àkọ́ṣe, kabúrétọ̀ kọjú sí iwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ lù ú, yìnyín sì ń dì nínú rẹ̀. Ẹni tí nọ́ọ̀sì ti fi ọtí sípíríìtì nu ara rẹ̀ rí mọ̀ pé ohun tí ń di oru a máa kó ooru lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo tí ń di oru ṣe ń mú kabúrétọ̀ tutù. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sọ pé àwọn fi yí ẹ́ńjìnnì náà kọjú sẹ́yìn nìyẹn. Kabúrétọ̀ bọ́ lọ́wọ́ yìnyín, ṣùgbọ́n àwọn ohun èlò tí ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì wá kọjú sí iwájú, òjò sì ń lù wọ́n. Bí a bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹkùn, ìkookò a gbé ìkejì.

John Cooper ni ó rí ohun tí Issigonis kò wá. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula 1 ní ọdún 1959 àti 1960, pẹ̀lú Jack Brabham lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀. Ó bẹ BMC títí wọ́n fi gbà. Wọ́n sì ń san pọ́n-ùn 2 fún un lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Mini Cooper àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1961: 997cc, kabúrétọ̀ SU méjì, agbára ẹṣin 55. Cooper S tẹ̀ lé e ní ọdún 1963 pẹ̀lú 1071cc àti agbára ẹṣin 70. Èyí tí ó jẹ́ 1275cc dé ní ọdún 1964 pẹ̀lú agbára ẹṣin 76. Paddy Hopkirk fi Cooper S gba ìdíje Monte Carlo ní ọdún 1964, Timo Mäkinen gbà á ní 1965, Rauno Aaltonen ní 1967. Ní ọdún 1966, Mini mẹ́ta ni ó ṣe ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ lé wọn kúrò nítorí gílóòbù iná iwájú wọn, wọ́n sì gbé ipò kìíní fún Citroën. Àríyànjiyàn ìyẹn kò tíì tán títí di òní, n kò sì ní í dá a sí.

Ẹ wo àwọn kabúrétọ̀ méjì Cooper yẹn dáadáa. Ẹnu wọn kò tóbi: ínṣì kan àti ìdá mẹ́rin ni ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kan náà tí ó wà lára Mini tí àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Cooper S tí ó ní agbára ẹṣin 76 pàápàá, irú wọn ni ó gbé jáde láti ilé-iṣẹ́. Níbo wá ni agbára yẹn ti wá? Díẹ̀ wá láti inú títóbi ẹ́ńjìnnì. Ìyókù wá láti orí sìlíńdà, láti inú ihò tí fáàfù ń ṣí tí ó ń tì. Daniel Richmond tí ń gbé ní abúlé Downton nítòsí Salisbury ni ó mọ èyí jùlọ. Ó ń gbẹ́ inú ihò wọ̀nyí, ó ń mú gbogbo igun àti gegele kúrò ní ojú ọ̀nà atẹ́gùn, títí Mini tí ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ fi ń mí bí ẹni tí wọ́n ṣí fèrèsé fún. BMC fúnra wọn ké sí i láti bá wọn lọ́wọ́ sí i. Kabúrétọ̀ kan náà tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀ lè sin ẹ́ńjìnnì tí ó ń mí dáadáa náà, bí a bá pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe pín ọ̀nà atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì yìí tún mú kí ọ̀rọ̀ le. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà méjì péré ni atẹ́gùn àti epo ń gbà wọlé. Sìlíńdà méjì ń jẹun nínú àwo kan. Ìgbà tí wọ́n ń bu òkèlè sì sún mọ́ra jù, tí ẹnìkan fi máa ń gba oúnjẹ ẹnìkejì. Ìdí nìyí tí kabúrétọ̀ méjì fi wúlò, ọ̀kan fún àwo kọ̀ọ̀kan, ìdí náà sì nìyí tí àwọn méjèèjì fi gbọ́dọ̀ máa mí bákan náà. Bí ọ̀kan bá ń fa jù, ẹ́ńjìnnì a máa gbọ̀n bí ẹni tí ń gba ibà.

Títò àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìwádìí, bàbá àgbàlagbà kan tí ń gbé ní abúlé kan nítòsí Oxford jẹ́ kí n wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń to ti Cooper S rẹ̀. Kò fọwọ́ kan kabúrétọ̀ fún bíi wákàtí kan. Ó wo àyè tí ó wà lórí fáàfù, ó wo ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Ó ní ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí kabúrétọ̀ ń fọ aṣọ tí kò tíì tú kúrò nínú ẹrù. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọ̀pá rọ́bà kékeré kan, ó fi ẹnu kan sí etí rẹ̀, ó fi ẹnu kejì sí ojú kabúrétọ̀ kìíní, lẹ́yìn náà sí ìkejì. Atẹ́gùn tí ń wọlé a máa dún bí ejò tí inú ń bí. Bí ìró méjèèjì kò bá dọ́gba, a ó yí síkúrù tí ó dá ìlẹ̀kùn atẹ́gùn dúró, títí wọn yóò fi dọ́gba. Ó gbé ọ̀pá náà fún mi. Iṣẹ́ mi ni ìró ohùn, ogún ọdún ni mo sì fi ń ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí mo gbọ́ ti kéré jù ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lọ. Òun ti gbọ́ ọ kí ó tó gbé e fún mi.

Ìgbà tí atẹ́gùn bá dọ́gba ni a tó lè sọ̀rọ̀ epo. Nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà kan wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀ SU tí ń gbé jẹ́ẹ̀tì sókè tí ó sì ń mú un wálẹ̀. Bí jẹ́ẹ̀tì bá lọ sísàlẹ̀, àdàlù a ki. Bí ó bá gòkè, a ṣàn. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó tọ́? A ó fi nǹkan tín-ínrín gbé písítìnì sókè díẹ̀, kí ó má ju ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n ínṣì, ìyẹn kò tó mílímítà kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá yára, tí kò sì padà, àdàlù ti ki jù. Bí ó bá fẹ́ kú, ó ti ṣàn jù. Bí ó bá ta kìjí díẹ̀, tí ó sì padà sí bí ó ti wà, ó ti bá a mu. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni. Kò sí òṣùwọ̀n kan tí a so mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra mí nìkan ni nọ́ọ̀tì yìí ń ṣe ìpinnu púpọ̀ lé lórí. Ní ibi eré, abẹ́rẹ́ ni ọba. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ abẹ́rẹ́ ni SU ṣe, lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń dárúkọ wọn: M ni ó wà nínú Cooper S 1275cc láti ilé-iṣẹ́, EB ni ó ṣàn jù ú lọ, AH2 ni ó ki jù ú lọ. Bí a bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ àárín abẹ́rẹ́ kan àti òmíràn, a ó wọn sísanra wọn ní gbogbo ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì ni a ó máa fi ka ìyàtọ̀ náà. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ méjì lè bára mu nígbà ìrọra, kí wọ́n sì yapa nígbà tí a bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Àwọn kan a máa fi bébà ìdán yún abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Ìrìn ọ̀nà kan ni ìyẹn, nítorí abẹ́rẹ́ tí a yún a tín-ínrín, kì í sanra padà.

Sípíríǹgì kan tún wà lórí písítìnì, tí a fi àwọ̀ dá mọ̀. Búlúù ni ó fẹ́rẹ̀ jù, pupa ni ti Cooper S, ìyèyè le jù pupa lọ, àwọ̀ ewé sì le jù ìyèyè. Èyí tí ó le a máa ti písítìnì mọ́lẹ̀, ọ̀nà atẹ́gùn a há, epo a sì tú jáde sí i. Òróró tí a ń rọ sí orí písítìnì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni kì í jẹ́ kí písítìnì fò sókè nígbà tí a bá tẹ tọ́tù lójijì, kí àdàlù lè ki fún ìṣẹ́jú àáyá kan tí ọkọ̀ fẹ́ ta. Mo ti rí ẹni tí ó pààrọ̀ gbogbo nǹkan lára ọkọ̀ rẹ̀ nítorí pé ó ń kọsẹ̀ bí a bá tẹ tọ́tù, òróró yìí ni ó sì gbẹ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, púlọ́ọ̀gì ni yóò jẹ́rìí. A ó sáré dáadáa, a ó pa iná ẹ́ńjìnnì lójú eré, a ó jẹ́ kí ọkọ̀ dúró, a ó sì tú púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá dúdú bí èédú, àdàlù ki. Bí ó bá funfun bí eérú, kí olúwa rẹ̀ yára gbé jẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ kí písítìnì rẹ̀ tó lu. Bí ó bá pọ́n bí ìyẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dára. Àwọn tí ń yọ asẹ́ atẹ́gùn kúrò kí ọkọ̀ wọn lè máa bú ramúramù sì máa ń rí funfun yìí, nítorí atẹ́gùn tí ó wọlé ti pọ̀ sí i, abẹ́rẹ́ kò sì mọ̀.

Òǹkàwé kan lè béèrè nípa Weber. Edoardo Weber dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bologna ní Ítálì ní ọdún 1923, ó sì dàwátì ní ọdún 1945, lẹ́yìn ogun. Kabúrétọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DCOE ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré ìje gbé. Kò ní abẹ́rẹ́ tí ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀ dúró sójú kan, ẹni tí ń tò ó ni yóò yan ìwọ̀n ọ̀nà náà, jẹ́ẹ̀tì epo, jẹ́ẹ̀tì atẹ́gùn àti ọ̀pá oníhò tí ń po àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá gbé Weber 45 lé Mini, ó gbọ́dọ̀ gé irin tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lẹ́bàá aago tí ń ka eré, kí ẹ̀yìn kabúrétọ̀ tó lè ráyè. Lórí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé lórí gan-an, tí ó ń yí kíákíá láìdúró, Weber a máa mú agbára wá ní tòótọ́. Lórí ẹ́ńjìnnì lásán, ní tèmi, irin tí a gé dànù ni. Atẹ́gùn kò pọ̀ tó láti yára nínú ọ̀nà gbàràmù bẹ́ẹ̀, epo a máa kán bí omi àjà, ọkọ̀ a sì máa wúkọ́ láàárín ìlú. Èmi yóò mú SU méjì tí a tò dáadáa.

Mo lo ọ̀rọ̀ náà, ó ń wúkọ́. Èmi kọ́ ni mo dá a. Àwọn mẹkáníìkì wa ní Ìbàdàn ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, àwọn tí wọ́n to Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to pọ̀ ní Kaduna ní ọdún 1975, àti Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń to pọ̀ ní Èkó láti ọdún kan náà. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ẹ́ńjìnnì ń mí, kò mí dáadáa, ó ń mu epo, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ọ̀gá mẹkáníìkì a fi orí síkúrúdíráfà kan ara ẹ́ńjìnnì, a fi ìdí rẹ̀ kan egungun ẹ̀bá etí, ọmọṣẹ́ a sì dúró ti tọ́tù, a máa retí kí ọ̀gá sọ pé, "Fún un díẹ̀ sí i." Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní èdè Yorùbá, kí ó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kí ó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, èémí àti ohùn ni wọ́n dá lé. Lẹ́nu àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà nìkan ni mo sì ti ń gbọ́ wọn dáadáa báyìí. Àwọn ọmọṣẹ́ tuntun ń wá kódù tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yóò kọ sójú ẹ̀rọ.

Ohun tí ó lé kabúrétọ̀ kúrò lára ọkọ̀ ni òfin lórí èéfín. Amẹ́ríkà ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní ọdún 1970, ilẹ̀ Yúróòpù sì mú tiwọn le ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Mini Cooper tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1971 padà wá ní ọdún 1990 pẹ̀lú kabúrétọ̀ SU kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ní ọdún 1991 ni ẹ̀rọ tí ń fún epo pẹ̀lú ìdarí kọ̀ǹpútà gba ipò rẹ̀. Mini ti Issigonis tí ó kẹ́yìn jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2000. Ẹ̀rọ tuntun yìí ń wọn afẹ́fẹ́ inú èéfín ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń tún epo ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí etí tí ó lè bá a dọ́gba, n kò sì ní í díbọ́n pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ Mini púpọ̀ tí ó gbé SU ṣì ń rìn. Ilé-iṣẹ́ Burlen ní Salisbury, ìlú tí kò jìnnà sí Downton, gba orúkọ SU ní ọdún 1996, wọ́n sì ń ṣe kabúrétọ̀ náà àti àwọn abẹ́rẹ́ olórúkọ lẹ́tà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, epo tí wọ́n ń pè ní E10 di epo gbogboǹṣe ní Bìrìtìkó. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lè jẹ́ ọtí, ọtí sì ti gbé afẹ́fẹ́ díẹ̀ wá láti ilé rẹ̀. Ẹ̀kọ tí wọ́n ti pò láti ọdún 1964 tún ṣàn díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń lo E10 nínú Cooper wọn ti ń lóṣòó sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń yí nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà náà ní ojú kan tàbí méjì sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì tún ń gbé písítìnì wò.